Kí Ló Dé Tó Fi Fẹ́ Kí Aláàárù Panu Mọ́?

Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ìjà dé sí ọ́fíìsì. Aláàárù là ń pe ètò tí à ń kọ: ohun tí o bá fẹ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ, òun ni yóò lọ gbé e wá, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó so mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pàṣẹ fún un, ṣé kó máa rojọ́ sójú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, àbí kó panu mọ́? Èmi ní kó rojọ́. Àgbà ọ̀jẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìlà kan ṣoṣo ti tó. Mo ti sọ ọ́ ní Bọ̀dá Dákẹ́.

Ìṣẹ́gun, 4
Aláàárù tí kò fẹ́ sọ ohun tó rù — kí ló rù?

Ọjọ́bọ̀, 6
Mò ń ṣọ́ ọ. Ó ti kọjú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ògiri. Nǹkan ìgbọ́rin wà létí rẹ̀ láti àárọ̀, kò mirí, kò fẹsẹ̀ jó. Irú orin wo nìyẹn? Mo ní kó bá mi wo iṣẹ́ mi. Ó ní kí n kúkú kà á fún òun. Ọ̀lẹ, àbí ọgbọ́n?

Ẹtì, 7
Mo wí fún ọ̀gá. Mo ní ó jọ pé Bọ̀dá Dákẹ́ ti ki nǹkan bọ inú Aláàárù tí kò fẹ́ ká rí. Ọ̀gá ní ẹ̀sùn ńlá lèyí, ṣé mo lẹ́rìí? Mo ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó ní òun á bi í léèrè níwájú gbogbo wa, Ẹtì tó ń bọ̀.

Àìkú, 9
Ọkọ mi ní mo ti di ọlọ́pàá inú.

Ọjọ́rú, 12
Mo tètè ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé. Ohùn ẹ̀rọ ń pariwo nínú yàrá wa: ó ń gbé e bọ̀, ó ti gbé e dé, ó ń tú u, ó ń gbé òmíràn… Bọ̀dá Dákẹ́ ń fọwọ́ tá tábìlì kiri. Nǹkan etí rẹ̀ ti já bọ́, ó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Kò rí i.

"Ta nìyẹn?"

Mo ní èmi ni. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó ní ojú òun ń fọ́ lọ. Kọ̀ǹpútà ló ń ka gbogbo ìlà sí i létí. "Àbúrò mi, ìlà tí ìwọ ń fojú fò, èmi ni mò ń gbọ́ ọ tán." Bí ọ̀gá bá mọ̀, ilé ló kàn. "Jọ̀ọ́, bò mí láṣìírí."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ fún un pé mo ti fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo sá tọ ọ̀gá lọ pé mo ṣìwí. Ó ní kí ni mo wá rí? Mi ò lè sọ. Ó wá ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ti fi nǹkan dí lẹ́nu. Ó ti ń fura sí èmi náà.

Ẹtì, 14
Ìpàdé. Mo kọ́kọ́ dìde, mo ní kí Aláàárù sọ ìlà kan bí iṣẹ́ bá yọrí, kó rojọ́ tán bó bá bàjẹ́, ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó pàṣẹ. Gbogbo wọn gbà. Ọ̀gá ní ó ku ìbéèrè kan — wọ́n ní Bọ̀dá Dákẹ́ ń fi nǹkan pamọ́.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Bọ̀dá Dákẹ́ béèrè.

Ọ̀gá ò dárúkọ. Ó wò mí. Gbogbo wọn wò mí. Òun nìkan ni kò rí i.

"Ẹ bi àbúrò mi yìí," ló wí. "Ó mọ̀ mí."

Mo ní kò sí nǹkan kan nínú Aláàárù. Ọ̀gá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lóde, Bọ̀dá Dákẹ́ di apá mi mú. "O ṣé o, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n bá mi wádìí ẹni tó fi mí sùn."

Mo ní màá wádìí.