Ilé Tí Má-Fòyà Rẹ́ Fún Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ tuntun tí ojú mi kò tíì rí àyàfi nínú fọ́tò ṣùgbọ́n tí mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀ bí mo bá ń fọ eyín. Ẹ kú ewu ọmọ. Ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Ọlọ́run tó fi í fún wa nígbà tí ọgbẹ́ ikú ìyá rẹ ṣì wà ní tútù kò ní gbà á padà lọ́wọ́ wa. Ìwọ àti ọkọ rẹ á pẹ́ láyé débi pé òun ni yóò máa bá yín wá awò ojú yín tó sọnù.

Bí o bá bèèrè mi, ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jiyàn tí mo bá fẹ́ dìde. Adìẹ dúdú tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ ti pa ọmọ mẹ́jọ, ó sì ń rìn kiri bí ẹni pé òun nìkan ló bímọ rí láyé.

Ọ̀rọ̀ tó mú kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀rù ni. Ilé wa ni mò ń bẹ̀rù. O ní o ń gbé ọmọ bọ̀ wá hàn mí ní ìparí oṣù yìí, n kò sì mọ bí mo ṣe máa jẹ́ kí o gbé e gba abẹ́ ògiri yẹn kọjá. O rántí birikila tó rẹ́ ara ilé wa níta lọ́dún tó kọjá, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-Fòyà, nítorí pé kò sí ohun tí èèyàn bi í tí kì í fi má fòyà dáhùn. Ìyá rẹ ní yanrìn yìí mà pọ̀ jù fún sìmẹ́ńtì, ó ní kí ìyá má fòyà. Mo ní ṣé oòrùn ọ̀sán gangan yìí kò mú jù fún rírẹ́ ilé, ó ní kí bàbá má fòyà. Láti ọjọ́ tó ti kó àkàbà rẹ̀ lọ ni mo ti ń fòyà, n kò sì tíì sinmi.

O mọ̀ pé ìyá rẹ ló fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi gbé inú ilé tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ó sì máa ń sọ pé òun kò ní kú kí ilé òun tó wọ aṣọ. Ọjọ́ tí wọ́n parí, ó dúró níta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri bí ẹni ń ra ọmọ lẹ́yìn, ó ní ó tó báyìí. Ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn náà ló sùn tí kò jí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ̀rọ̀ nígbà tí ilà àkọ́kọ́ yọ lára ògiri. Ó tín-ín-rín bí irun, mo ní bóyá aláǹtakùn ló ta okùn síbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Tiwa lanu, aláǹgbá wọ ibẹ̀, ó tún padà lọ mú ìyàwó wá.

Mo wá rántí ìwé tí o ní kí n mú Má-Fòyà buwọ́ lù, pé iṣẹ́ náà yóò lo ọdún mẹ́wàá kó tó bàjẹ́. Kò sí yíǹkì nílé lọ́jọ́ yẹn, ló bá ki àtàǹpàkò bọ inú sìmẹ́ńtì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Mo mú ìwé náà, mo fi ìṣó kàn án mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán, kí ògiri lè rí iye ọdún tí wọ́n dá fún un. Ọmọ mi, kò gbọ́. Ibi tí mo kan ìṣó sí gan-an tún sán. Sìmẹ́ńtì àtàǹpàkò orí ìwé yẹn nìkan ni kò tíì sán nínú gbogbo iṣẹ́ Má-Fòyà.

Mo lọ bá a níbi tó ti ń rẹ́ ilé ẹlòmíràn. Ó wà lókè àkàbà, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ilé ń mí ni, pé gbogbo ilé ló máa ń mí. Mo ní ilé wa ti ń lọ sí ogún ọdún, kí ló dé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí. Ó ní kí n má fòyà, kí n kun ọ̀dà lé e, n kò ní rí ibi tó sán mọ́. Mo dúró lábẹ́ àkàbà rẹ̀, mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo rí i pé bí mo bá di ojú mi náà, n kò ní rí i mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú, mo fẹ́ ya fọ́tò ògiri ránṣẹ́ sí ọ bí o ṣe wí. Mo dìde láti lọ mú awò ojú mi. N kò tíì rìn ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ tí nǹkan dún gbì. Òkè ẹnu ọ̀nà ya lulẹ̀, èyí tó ya fẹ̀ tó àtẹ, orí àga ló bọ́ sí, níbi tí ìdí mi ṣì gbóná sí. Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ mi. Orúkọ ìyá rẹ ni mo ń pè, n kò rántí pé kò sí nínú ilé mọ́ láti dáhùn.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, ìkòkò ńlá ni mo ń dé. Ìyá aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì bi mí pé ṣé ogun ni mò ń lọ ni, àbí omi ni mo fẹ́ pọn tí mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé ìkòkò. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín, orí kì í ní ìpààrọ̀.

Ṣùgbọ́n fọ́tò ló dẹ́rù bà mí jù. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo ya ògiri. Ó sán láti òkè dé ilẹ̀, ju bí mo ṣe ń fi ojú rí i lọ. Mo ní fóònù á mọ̀ jù mí lọ. Mo ya ilé ìyá aránṣọ, òun náà sán. Mo ya ilé ẹ̀kọ́, ó sán. Mo gbé fóònù sókè, mo ya ojú ọ̀run, ọmọ mi, ojú ọ̀run sán! Mo ṣí fọ́tò ìyá rẹ, èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín, ilà náà ti iwájú orí rẹ̀ wá sí ẹnu. Mo ní áà, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ níbẹ̀ náà. Nígbà tó kan tìrẹ, ìwọ àti ọmọ lọ́wọ́ rẹ, mo yára fi ọwọ́ bò ó kí n má baà rí i.

Mo sáré lọ sọ fún ìyá aránṣọ pé kó tètè kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì jáde. Ó ti gbé wọn síta sínú oòrùn, pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà rẹ̀ kan, kó tó rántí bi mí pé ta ló sọ fún mi. Ó gba fóònù, ó wò ó, ó pa á, ilà ṣì wà níbẹ̀. Ó ní bàbá, gíláàsì ojú fóònù yín ló fọ́ nígbà tó já bọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó nu omi ojú rẹ̀ tán, ó wo ọ̀kánkán ilé wa, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ti fóònù yé òun, ṣùgbọ́n ti ògiri yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíláàsì.

Òun ló bá mi pe bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ birikila. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú ọ̀pá kékeré, ó ń kàn án mọ́ ara ògiri, ó ń tẹ́tí. Ibi gbogbo ń dún bí agbè òfìfo. Ó ní wọn kò fún ògiri lómi mu kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, pé ògiri tí òùngbẹ ń gbẹ ló fa gbogbo omi inú sìmẹ́ńtì mu kó tó lè dì mọ́ búlọ́ọ̀kù. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó máa ya. Kó tó yí ilé po, ilé wa ti dà bí pátákó olùkọ́ tí wọn kò nù. Ó ní kí a ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Ṣé èmi ni n ó wá bọ́ aṣọ kúrò lára ilé ìyá rẹ?

Ó wá dé ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó kan ọ̀pá mọ́ ibẹ̀, ó dún kó. Ó tún kàn án, kó. Ó ń kàn án lọ sókè, ó le, ó le, títí dé ibì kan, lẹ́yìn náà ló tún di òfìfo. Ó yíjú sí mi, ó ní ta ló bu omi sí ibí yìí. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ rẹ́ ibẹ̀, ìyá rẹ gbé abọ́ omi, ó ń bù ú dà sára ògiri, ó ní ilé tí oòrùn ń pa báyìí, ẹ ò ṣe fún un lómi kó tó wọṣọ. Má-Fòyà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá ń wẹ ilé. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo na ọwọ́ mi sókè, ibi tó le náà kò dé orí ìka mi. Ibi tí ọwọ́ ìyá rẹ ga mọ ni.

A ó ha èyí tó kù kúrò. Bàbá àgbà ní òun yóò dúró ti ẹni tó máa tún un rẹ́, pé ibi tí ìyá bu omi sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ilé yóò tún wà ní ìhòòhò fún ìgbà díẹ̀. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í já lu ọmọdé lórí.

Jọ̀wọ́, bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó sìmẹ́ńtì ránṣẹ́ sí mi. Má fi í gba inú fóònù o, kó má baà jò níbi tó ti fọ́. Ìyá aránṣọ ní owó kì í jò, ṣùgbọ́n òun náà ló sọ fún wa pé Má-Fòyà mọ iṣẹ́.

Tí o bá dé kí a tó parí, má gba iwájú. Yí gba ẹ̀yìn, kí o gbé ọmọ wọlé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kí o sún mọ́ ògiri dáadáa. Níbẹ̀ yẹn, ẹ̀rù kò bà mí. Ọlọ́run á bo orí rẹ, á bo orí ọkọ rẹ, á bo orí ọmọ wa. Ohun tó bá máa já lulẹ̀ láyé yín, kó máa já nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.