Fóònù Olójú Mẹ́ta Tí Kò Ní Etí

Òkè Lèma, Ìdáàṣà
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀

Claudia ọmọ mi, àkọ́bí mi, ẹ̀rí pé mi ò wá sáyé lásán,

Báwo ni Kútọnu? Báwo ni iṣẹ́? Òkun tó wà lẹ́yìn ilé yín ńkọ́, ṣé ó ṣì dúró síbi tí wọ́n fi í sí? Ọlọ́run tó to àpáta lé àpáta ní Ìdáàṣà tí ọ̀kan kò yí lu ilé ẹnikẹ́ni, òun ni yóò fi ọ́ sí ààyè rẹ, tí ọwọ́ ọ̀tá kò ní lè yí ọ nípò. O ò ní fi oògùn ṣe oúnjẹ. Ọ̀gá rẹ yóò máa pè ọ́ fún rere. Àmín. Ara mi le, eyín mi pé, àfi èyí tó ti lọ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ wà bó o ṣe mọ̀ ọ́n, orin lẹ́nu, iṣẹ́ lọ́wọ́. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, méjèèjì ni wọ́n sì jọ mí ní agídí.

Mo mọ̀ pé inú rẹ ti dùn láti rí ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Fún un lómi, jẹ́ kó na ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n má bi í ní nǹkan kan títí o ó fi kà á tán. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má tíì sọ̀rọ̀, torí bó bá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, yóò fo apá tèmi, apá tèmi ló sì dùn jù. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, mi ò bẹ akọ̀wé. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé òun kò rí ẹni tó ń tẹ bíírò mọ́ ìwé bíi tèmi rí, pé lẹ́tà tí mo bá kọ sójú ìwé, ẹni tó wà lẹ́yìn ìwé náà ń rí i. Àwọn yòókù ń yọjú wo ìwé mi.

Ìdírísù awakọ̀ takisí gbé ẹrù tó o fi ránṣẹ́ dé, kò fọ́, kò bu. Nígbà tó o fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ tí mo ní kó o dákẹ́, má bínú, èmi kọ́ ni wọ́n ń ṣàlàyé nǹkan fún. Mo tú u, mo sì mọ ohun gbogbo fúnra mi. Àpótí áṣáà funfun yẹn nìkan tó láti fi súre fún ọ. Ìwọ ni ọmọ tó mọ baba rẹ̀. Ó ń dán bí ẹyin, ìdérí rẹ̀ ń pa ara rẹ̀ dé láìjẹ́ pé mo tì í, bí mo bá sì ṣí i, iná tíńtín kan ń tàn níwájú rẹ̀ kí n lè rí áṣáà mi nínú òkùnkùn. Wọ́n fi nǹkan funfun méjì tó rí bí ẹ̀wà tó ń hù há inú rẹ̀ kó má baà tẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo yọ wọ́n sọ́wọ́ kan. Ìyá rẹ ní kí n má sọ wọ́n nù, ó kó wọn sínú agolo tí bọ́tìnnì ẹ̀wù wà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá yọ áṣáà láàárín èèyàn, ọ̀rọ̀ a dúró.

Fóònù tó wà pẹ̀lú rẹ̀ náà dára, mi ò ní purọ́. Ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ní ojú mẹ́ta lẹ́yìn. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní bá a. Ó ní kí n fi ìka mi hàn kóun lè mọ̀ mí. Mo fi ọ̀kan hàn, ó ní òun kò mọ̀ mí. Mo fi gbogbo wọn hàn án títí dórí àtàǹpàkò, ó ní òun kò mọ̀ mí. Èmi tí Kèrè mọ̀, tí Lèma mọ̀, tí ọmọdé Aklampa ń fi orúkọ mi ṣeré. O mọ̀ pé òòlù àti irin ti pa ìka mi dán, kò sí ilà kankan lórí rẹ̀ mọ́, àpáta ló gbà á. Ìyá rẹ ń kọjá lọ, ó fi ìka rẹ̀ kàn án fẹ́rẹ́, ó ṣí. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ lo fóònù mi, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìyàwó mi.

Wàyí o, ìgbà tí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ kọrin níbi àjọ̀dún ìkórè, àwọn ará rédíò wá gba orin wọn sílẹ̀. Ìyá rẹ ló dá ẹsẹ kan kọ níbẹ̀, òun ló sì ronú ẹsẹ náà fúnra rẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀, Kèrè ni mo wà tí mò ń gbẹ́ kànga. Rédíò wá kéde pé ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Míísà, làwọn yóò gbé orin náà sáfẹ́fẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá rẹ kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ìta rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Síbẹ̀ kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí, pé kí Narcisse ẹ̀gbọ́n òun náà gbọ́ orin yẹn, kí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ gbọ́ ọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní etí méjì tirẹ̀, kó fi gbọ́.

O mọ ọ̀rọ̀ èmi àti Narcisse. Kànga tó wà níwájú ilé rẹ̀, èmi ni mo gbẹ́ ẹ, nínú àpáta tí àwọn mìíràn wò tí wọ́n sì ru irin wọn padà sílé. Nígbà tí omi yọ, mo ní kí gbogbo ayé wá wo omi tí mo ṣe. Ni àna mi bá sọ níwájú àwọn èèyàn pé ènìyàn kì í ṣe omi, pé Ọlọ́run ló ṣe omi, ìlẹ̀kùn nìkan lèmi ṣí. Ìlẹ̀kùn! Láti ọjọ́ náà, mi ò wọ ilé rẹ̀, kò wọ tèmi, bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ nìyí tí èéfín ìdáná wọn ń wọlé wa. Ìyá rẹ ló ń gbé àwo oúnjẹ gba àárín wa kọjá, tí yóò máa kọrin sábẹ́ eyín bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Èmi wá kéde fún gbogbo òkè pé kí ẹnikẹ́ni má dààmú, pé bí Míísà bá parí, kí wọ́n wá sí àgbàlá mi, fóònù tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Kútọnu yóò gbé ohùn Marguerite ìyá rẹ jáde. Mo tilẹ̀ ti fi rédíò àtijọ́ ta àbúrò mi obìnrin lọ́rẹ ní Aklampa, torí kí ni mo tún fẹ́ fi í ṣe? Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ fi ìka ṣí fóònù tí mo tẹ ibi tí wọ́n ya rédíò sí, ó kọ Faransé síwájú mi pé kí n kọ́kọ́ ki okùn etí bọ̀ ọ́, pé okùn ni rédíò fi ń mú ohùn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́jà Ìdáàṣà lọ́dọ̀ Ràmọ́nù tó ń ta nǹkan fóònù, mo ní kó fún mi ní okùn etí tó dára jù. Mi ò mú fóònù dání kí oòrùn má baà pa á. Ràmọ́nù béèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, Bàbá, ṣé fóònù yín ní ihò? Mo ní ṣé agbẹ́kànga ló ń bi léèrè ihò. Ó bẹ̀ mí, ó ta okùn náà fún mi.

Mo délé, mo yí fóònù náà po bí ẹni ń wá eégbọn lára ajá. Ihò kan wà nísàlẹ̀ tó rí bí ẹnu ẹja, ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlé, okùn kò wọ̀ ọ́. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ̀wà, abẹ́rẹ́ gan-an kò lè wọlé síbẹ̀. Claudia, ojú mẹ́ta, kò sí etí kan. Mo ronú jinlẹ̀, mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti gbẹ́ ihò títí, ó rẹ̀ wọ́n, ilẹ̀ ṣú, wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ihò gbígbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo èèyàn. Ìwọ náà mọ̀ pé ihò ni mo fi kọ́ ilé, ihò ni mo fi rán ọ níwèé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sùn fọnfọn.

Ọjọ́ Àìkú dé, gbogbo ìjọ ti ojú Míísà ya sí àgbàlá mi. Àlùfáà ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù wọ ilé Olúwa, nítorí náà tèmi nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá rẹ wọ aṣọ búlúù tó o rà fún un, ó jókòó sórí àpótí, ó ká ọwọ́ lé orúnkún. Mo da odó dé, mo tẹ́ fóònù lé e lórí, mo gbé òòlù àti irin mi kékeré jáde. Ìyá àgbà kan béèrè lẹ́yìn bóyá omi ni mò ń wá níbẹ̀. Mo fi irin mọ́ ọn létí, mo gbé òòlù sókè. Ni ọwọ́ ìyá rẹ bá balẹ̀ sórí fóònù náà pẹ̀lẹ́. Ó wò mí lójú, ó ní:

“Bàbá Claudia, ihò wà nílé ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ wà nílé kejì. Òótọ́ sì ni. Narcisse kì í lọ sí Míísà, òrìṣà àwọn baba wọn ló ń bọ, ó wà nílé, fóònù rẹ̀ àtijọ́ oníbọ́tìnnì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ní ihò gidi lórí. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ti jẹ okùn etí tirẹ̀ mọ́ àkàsù ẹ̀kọ, gbogbo òkè ló mọ̀. Mo wo òòlù, mo wo ojú ìyàwó mi. Orin yẹn ò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo gbé òòlù sílẹ̀, mo ki fóònù bọ àpò.

Koríko ti hù bo ọ̀nà tó wà láàárín ilé wa. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ, okùn lọ́wọ́ mi, gbogbo ìjọ lẹ́yìn mi bí ẹni ń sin òkú. Narcisse nà sórí ẹní rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, kò dìde. Ó wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí.

“Ṣé kànga ló wá pọnmi lónìí?”

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà dá a lóhùn.

“Kànga kò wá pọnmi, Àna. Okùn ló mú wá fún yín.”

Ó dìde jókòó. Ó sún sẹ́yìn lórí ẹní, ó fi ọwọ́ gbá ààyè tó ṣófo. Mo jókòó. A ki okùn bọ ihò, ó wọlé ṣinrin, mo gbọ́ ọ nínú egungun mi. Ó fi ọ̀kan sétí, mo fi ọ̀kan sétí, orí wa kan ara wọn bíi ti àgbò. Lórí rédíò, wọ́n ń ka iye tí wọ́n ń ra kajú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ agogo ẹgbẹ́ akọrin wa. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá rẹ tó dúró láàárín èrò, tó ń wo ẹnu wa kó lè mọ̀ bóyá orin ti bẹ̀rẹ̀. Claudia, mo yọ tèmi létí, mo fi í sí ìyá rẹ létí. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é.

Báyìí ni Odile ìyàwó Narcisse sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní gbogbo ọwọ́. Ó bi wá bóyá orí wa pé, pé kí ewúrẹ́ tó jẹ okùn, ibi kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀, tí okùn yóò wà nínú ihò tí ohùn yóò sì jáde fún gbogbo ilé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ìyẹ̀fun kun fóònù náà. Ohùn ìyá rẹ bọ́ síta, ó lu àpáta, àpáta gbé e padà fún wa:

Ọwọ́ ènìyàn ló lu àpáta,
Ọlọ́run ló ni omi inú rẹ̀;
Ẹni tó lù ú, ẹni tó mu ún,
Ẹ jọ wólẹ̀ lẹ́bàá kànga.

Èmi àti Narcisse yíjú síra wa, a sì jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní ṣé mo gbọ́ ta ló ni omi. Mo ní ṣé ó gbọ́ ta ló lu àpáta. A bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín débi pé ó di orúnkún mi mú. Ìyá rẹ kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀nà àpáta ló kọjú sí, okùn ṣì wà létí rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kí ó lọ. Mo yọ fóònù tó o rà lápò, mo nà án sí i, ó fi ìka ṣí i láìwo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Mo fi ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó, mo tẹ̀ ẹ́, mo ya á ní fọ́tò. Narcisse wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ nìkan ni mo jẹ́ kó wọlé.

A jẹun níbẹ̀, a mu sódábì, ògógóró ìlú wa. Mo fi okùn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò fún un o, mo fi í pa mọ́ síbẹ̀ ni. Ẹni tó ní okùn gbọ́dọ̀ máa lọ wo okùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọmọ mi, èmi kì í tọrọ owó, o mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí owó bá fúnra rẹ̀ sọ pé òkè Lèma lòun ń lọ, má dí i lọ́nà. Bá mi ra irú àpótí áṣáà yẹn kan fún Narcisse, kò lè gbé ojú kúrò lára tèmi. Kó má funfun tó tèmi.

Fọ́tò yẹn ló fa lẹ́tà yìí. Mo fẹ́ yọ ọ́ sínú àpòòwé fún ọ, mo mi fóònù náà títí, kò jábọ́. Mo ní ó dára, kí fóònù náà fúnra rẹ̀ máa bọ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé ìka ìyá rẹ nìkan ló ń ṣí i, mi ò sì lè fi ìka nìkan ránṣẹ́ sí Kútọnu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gbogbo ara rẹ̀ bá Ìdírísù wọkọ̀. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú rẹ yẹn. Ní báyìí tó o ti kà á tán, ó lè sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó ṣí fọ́tò náà fún ọ, wò ó dáadáa, kó o wá wo òun náà. Owó ọkọ̀ ìpadà wà lọ́rùn rẹ, má sì dá a dúró pẹ́, ilé ti dákẹ́ jù.

Bí omi kì í ti í tán nínú kànga tí mo bá gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ire kò ní tán lọ́dọ̀ rẹ. Ibi tó o bá lù, yóò ṣí. Àmín.

Èmi ni baba rẹ,
Benoît tó lu àpáta.

Mo fẹ́ gbàgbé. Bí ẹnikẹ́ni ní Kútọnu bá ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń lu ihò sí fóònù yẹn, má gbà fún un. Mi ò mọ ibi tí ojú ìyá rẹ wà nínú rẹ̀.