Àga Wà fún Ánsẹ́lì

Kẹsáyà ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ẹ̀gbọ́n rẹ àtàwọn ọmọ tó o wà lọ́dọ̀ wọn ní Kẹ́ńtọ́kì. Orúnkún mi ti sàn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ èyí!

Bàbá rẹ ní Ánsẹ́lì àfẹ́sọ́nà rẹ kò gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́, kò gbọdọ̀ wọlé òun. Mo ní, "Jóṣúà, ìwàásù tí ìjọba ò fọwọ́ sí ni wọ́n torí ẹ̀ ti bàbá ẹ mọ́lé. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ ló kọ òfin pé kí kálukú sin Ọlọ́run bó ṣe wù ú. Wọ́n ní òun náà ò gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́. Ṣé wàá lé e síta ni?"

Ó lọ gbé àga kan sí i wá sídìí tábìlì. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Mú Ánsẹ́lì wá nígbà ìkórè. Bí kò bá dijú nígbà àdúrà, kó máa bá wa lé ajá kúrò nídìí ẹran.

Ọlọ́run á sìn yín wálé.

Tàbítà, ìyá rẹ àgbà