Ẹran Iléyá àti Ìtàn Áńtíókù

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ Iléyá

Ọkọ mi ló kọ́ wa ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi láàárọ̀. Ó ní ìlú Áńtíókù ni Júù àti Kèfèrí tó gba Jésù ti jọ ń jẹun, kí Pétérù tó fà sẹ́yìn nítorí àwọn tó dé láti Jerúsálẹ́mù. Ọkọ mi bá Pétérù wí gan-an níwájú wa.

Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaja, gbé ẹran Iléyá wá láti Ìrókò. A jọ ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni mọ́tò àwọn alàgbà ìjọ dúró níta. Ọkọ mi gbé àwo tirẹ̀ wọ kíṣìnnì.

Alhaja wo àga ọkọ mi tó ṣófo títí. Wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ìyàwó, kí ni àbúrò mi kọ́ yín lónìí?"

Mo ní ìtàn ìlú kan tó jìnnà ni.

Irọ́ ni mo pa fún wọn; ìlú náà kò jìnnà rárá.