Fèrè Mẹ́rin Tí Ọ̀gá Tuntun Fẹ́ Fi Kún Orin Òkú

Mọ́ńdè, 4 oṣù kẹta
Olùdarí tuntun dé sí ọkẹ́sírà wa. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá ń darí, apá rẹ̀ a fẹ̀ bí ẹyẹ tó fẹ́ gbéra. Mo ti sọ ọ́ ní Apá-Ẹyẹ. Ó wá kí mi ní yàrá ìwé orin. Mo ní, “Gbogbo ìwé tí o rí lórí pẹpẹ yìí, ọwọ́ èmi ló dà á kọ. Ọdún mọ́kànlélógójì. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, àwọn tó gboyè ló sì ń ka ìwé mi. Wá àṣìṣe kan níbẹ̀. O ò lè rí i.” Ó ní òun ti gbọ́ ìròyìn mi. Ta ni ò tíì gbọ́!

Túsìdeè, 5
Wàhálà. Orin ńlá tí a fẹ́ ṣe ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ — ẹni tó kọ ọ́ ti kú láti igba ọdún. Apá-Ẹyẹ ní nínú ìpín kẹta, òun ò gbọ́ fèrè, ìpè ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ sọ fèrè kan di mẹ́rin. Kí n kọ ìwé mẹ́ta sí i. Mo ní mi ò kọ. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Mo ní, “Ọmọ mi, ẹni tó ni orin ò sí níbí láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Èmi wà níbí.” Àwọn onífayolíìnì pàtẹ́wọ́. Orí mi wú, fìlà fẹ́ẹ̀ má gbà mí mọ́.

Wẹ́sìdeè, 6
A ti pín sí méjì. Àwọn àgbà wà lẹ́yìn mi. Àwọn ọ̀dọ́ ní kò sí olùdarí ńlá tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: gbọ̀ngàn ayé àtijọ́ kéré, tòní fẹ̀, fayolíìnì ti pọ̀ sí i, kí ni fèrè kan fẹ́ dún mọ́? Mo ní kí wọ́n fọ etí wọn. Adájọ́ — ìyàwó mi nìyẹn, kò mọ̀ pé orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn — ní, “Bàbá, ẹ rọra. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí olórin náà ni?”

Tọ́sìdeè, 7
Ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ mi jáde. Àti fọ́tò. “Àgbà tó ń ṣọ́ iṣẹ́ òkú.” Mo ra mẹ́fà.

Sátidé, 9
Mo tún un kà. Ó ṣì dára.

Mọ́ńdè, 11
Apá-Ẹyẹ gbé àwòrán ìwé tí òkú fúnra rẹ̀ fọwọ́ kọ wá. Ìpín kẹta: fèrè kan. Ìpè — òfo. Ìlà funfun báláú. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti borí. Òkú ò ṣàṣìṣe. Ẹnìkan ló ki ìpè bọ̀ ọ́. Ó ní láti jẹ́ olùdarí yín àtijọ́.” Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo gba ilé lọ.

Ẹnikẹ́ni ò ka ìwé yìí, jẹ́ n kọ ọ́. Èmi ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, eyín onífèrè wú lọ́jọ́ eré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bíi búrẹ́dì. Ó ku wákàtí méjì. Oníìpè kàn jókòó ní tirẹ̀ ní ìpín yẹn, kò ríṣẹ́ ṣe. Mo gbé iṣẹ́ fèrè fún un. Ìpè ò lè sáré bíi fèrè, mo bá tún un tò. Nóòtì mọ́kànlá, tèmi ni pátápátá. Ọ̀gá Àgbà, olùdarí wa àtijọ́ tó ti di olóògbé, ní, “O ṣeun. Yọ ọ́ lọ́la.” Ọ̀la dé. Mo gbàgbé. Nígbà tí ìwé gbó, mo dà á kọ tuntun, tòun ti tèmi. Onífèrè ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìpè ṣì ń fọn lé e lórí.

Túsìdeè, 12
Wọ́n ń fi Ọ̀gá Àgbà ṣẹlẹ́yà ní yàrá ìdánrawò. Onílù ńlá ní, “Àṣé bàbá yẹn náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀!” Ẹ̀rín. Ọkùnrin tó kọ́ mi ní nóòtì lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mi ò ju ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ. Èmi tí mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan òkú! Oúnjẹ ò wọlé. Mo sọ fún Adájọ́. Ó ní, “Ojú gbogbo ayé lẹ ti pariwo. Ojú gbogbo ayé náà ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ ọ́.”

Wẹ́sìdeè, 13
Mo sọ ọ́. Mo dìde láàárín wọn. “Ọ̀gá Àgbà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mo ṣe é.” Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, obìnrin tó ń fọn ìpè wa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Bàbá, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo orin náà!” (Mo gbọ́ o. Mo kọ ọ́ síbí kó má baà sọnù.) Apá-Ẹyẹ ní, “Àṣé àtúnṣe ọwọ́ Bàbá ni mo fẹ́ ṣàtúnṣe sí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí n yàn fúnra mi: kí n yọ ìpè, tàbí kí n fi í sílẹ̀, kí fèrè di mẹ́rin.

Tọ́sìdeè, 14
Mi ò tíì mọ̀. Nóòtì mọ́kànlá. Òun nìkan ni orin tí mo kọ láyé mi.

Fúráìdè, 15
Mo fi abẹ́ ha á kúrò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Iṣẹ́ náà mọ́, ẹ ò lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí.

Sọ́ńdè, 17
Ọ̀sán. Gbọ̀ngàn kún. Èmi àti Adájọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ìpín kẹta dé, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ gbé ìpè lé itan. Fèrè bọ́ síta. Ẹyọ kan. Ó rìn lórí gbogbo fayolíìnì wọ̀nyẹn láìkánjú, mo gbọ́ ọ títí dé ìjókòó ẹ̀yìn. Adájọ́ ní, “Níbo ni tiyín wà níbẹ̀?” Mo ní a ti kọjá ibẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fi ọwọ́ ara mi da orin fèrè yẹn kọ. Mi ò gbọ́ ọ rí.