Ẹ Wá Bá Mi Bẹ Àwáwù

Agboolé Ọkọ Mi,
Ẹdẹ.
Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Àǹtí Ibtisam,

Àsàláámù àlékùn o. Kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó ayọ̀, ẹ̀yin, bàbá àwọn ọmọ, àti gbogbo ará ilé yín ní Ìlọrin. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ọlọ́run yóò fọwọ́ ìwòsàn tọ́ ọ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Aqeelah ti ń dá jókòó báyìí, bí mo ṣe ń kọ èyí ló ń já ìwé gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò pè yín. Ẹ̀gbọ́n mi, pátákó lásán ló wà láàárín yàrá wa àti ti Àwáwù. Bí mo bá sín níhìn-ín, òun ni yóò kí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, àwọn ọmọ yín ni yóò kọ́kọ́ kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí rán awakọ̀ Ìlọrin.

Ẹ mọ Àwáwù, ìyàwó Najeem, àbúrò ọkọ mi. Ilé-ìwé kan náà ni a jọ lọ. Èmi ni mo máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún un. Mo gba kírẹ́dì márùn-ún, òun gba mẹ́ta. Oṣù méjì péré ni mo fi ṣáájú rẹ̀ wọ ilé yìí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nílé ọkọ, ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, kì í sì í bá mi sọ̀rọ̀ láìbọ̀wọ̀. Ó yẹ kí ìyẹn tó mi. Kò tó mi.

Àwa ìyàwó ilé, mẹ́tàdínlógún ni wá, a ń dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, kí a gbé e sí Alajue, kí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa sanwó lò ó. Ìyáálé wa, ìyá àgbà tó ṣáájú gbogbo wa wọlé, ní kí owó náà wà ní báńkì, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kó tó lè jáde. Báńkì ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì ni irú ìyẹn. Èmi ni wọ́n yàn ní akápò. Èmi ni mo gba fọ́ọ̀mù, èmi ni mo kọ ọ́, nọ́ńbà fóònù mi ni mo kọ sí i. Ó ku kí èmi àti Ìyáálé lọ buwọ́ lù ú ni ìrọbí mú mi.

Kí ogójì ọjọ́ mi tó pé, wọ́n ti fi Àwáwù rọ́pò mi. Wọ́n ní adelé ni. Nígbà tí mo jáde, ẹnikẹ́ni kò rántí adelé mọ́. "Akápò! Akápò!" láti ojú ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ó ra báàgì kékeré kan tó ń kó ìwé sọ̀wédowó sí, á há a sí abíyá, á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí báńkì bí olùkọ́ àgbà. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún: bí mo bá ti rí báàgì yẹn, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mi ṣì wà lọ́wọ́ báńkì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà lóṣooṣù lórí àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì, wọ́n ní owó ìtọ́jú àkáǹtì ni, fóònù tèmi ni àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń wọlé sí. Oṣù àkọ́kọ́, mo kà á, mo ní n ó sọ. Ó di ọjọ́ kejì, mo ní, ṣé èmi ni akápò ni? Kí akápò lọ wá a. Ìkejì wọlé, ìkẹta wọlé. Lóṣù kẹrin, Àwáwù fúnra rẹ̀ kanlẹ̀kùn mi, ó rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé báńkì fi nǹkan ránṣẹ́ sórí fóònù yín? Owó yìí ò bá ìwé mi mu." Mo ń fún ọmọ lọ́mú. Mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Rárá o."

Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó gbé wa dé.

Nígbà tí a fẹ́ lọ sanwó ẹ̀rọ, owó tó wà ní báńkì fi ẹgbẹ̀rún méje ààbọ̀ dín sí èyí tí a dá. Ìyáálé kò mọ̀wé, ìka ló ń tẹ̀. Àwáwù ló ń gbé owó lọ. Ẹ mọ bí ẹnu obìnrin ilé ṣe rí. Ìyàwó Abdulmujeeb ní, "Àbájọ tí bàtà fi ń dán lẹ́sẹ̀ akápò." Kúlúsúmù ní, "Báàgì yẹn náà tóbi ju ìwé lọ." Àwáwù ní òun kò mú kọ́bọ̀. Wọ́n ní kó wá fi Kùránì búra lọ́jọ́ Jímọ̀, níwájú àlùfáà ilé wa. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin tí wọ́n bá ti mú búra nílé ọkọ, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ mọ́, orúkọ rẹ̀ kì í mọ́ mọ́.

Lọ́jọ́rú mo pọn Aqeelah, mo gba báńkì lọ. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n sọ fún mi pé nǹkan mìíràn ló jẹ owó yẹn, kí ẹ̀bi lè kúrò lọ́rùn mi. Èrò tí mo bá níbẹ̀! Bàbá káfíńtà kan tí wọ́n ń pè ní Ọlátúnjí ń pariwo lójú fèrèsé pé, "Mo kó owó fún yín kí ẹ bá mi ṣọ́ ọ, ẹ wá ń gba owó ilé lọ́wọ́ owó mi!" Ìyá elépo kan ní, "Eku ilé mi kì í jẹ tó báyìí. Ẹ kó tèmi wá, kí n gbé e padà fún eku." Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń dá wọn lóhùn ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin òbí wa, àṣẹ láti òkè ni, a ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri." Bàbá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì wá ṣí fìlà, ó ní, "Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ oúnjẹ ìyàwó mi. Mo ní òun ló ń yọ mí lówó. Ta ni yóò bá mi sọ fún un pé ẹ̀yin ni?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo ka ìwé ara ògiri náà, owó kan náà ni.

Mo fẹ́ sọ ọ́ bí mo ṣe délé, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n Najeem ni mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí ìyàwó mi bá jalè, èmi ni mo jí i. Èmi ni kí ẹ mú búra." Ó di ọwọ́ Àwáwù mú níṣojú gbogbo èèyàn. Àǹtí mi, Ahmad ọkọ mi fẹ́ràn mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe èmi lólè, yóò kọ́kọ́ bi mí pé èló ni. Owú mú mi débi pé ohun tó dún nínú mi ni pé, "Kí òun náà jìyà díẹ̀." Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn.

Jímọ̀ dé. Àwáwù ṣe àlùwàlá, ó jáde pẹ̀lú hìjáàbù funfun. Ó ti rù. Àlùfáà ní, "Kó tó fọwọ́ kan ìwé Ọlọ́run, ṣé ẹnìkan ní ọ̀rọ̀?" Àwáwù na ọwọ́, mo sì mọ̀ pé bó bá kan ìwé yẹn, èmi ni ìbúra náà yóò mú. Mo dìde. Mo gbé fóònù fún Najeem, ó ka àlẹ́ẹ̀tì márààrún sókè pẹ̀lú ọjọ́ wọn.

Ìyáálé bi mí pé, "Zulfah, láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Mo ní láti oṣù àkọ́kọ́. Ó ní, "O jókòó sétí odò, ò ń wo ọmọ ẹlòmíràn tó ń rì." Kúlúsúmù pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wo ẹni tó ń fi ìwé mímọ̀ yangàn!"

Mo ń dúró kí Àwáwù sọ ọ́, pé òun ti bi mí rí, pé mo fi ẹnu ara mi purọ́ fún òun. Ìyẹn ni ì bá parí mi. Kò sọ ọ́. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ká ẹní rẹ̀, ó wọlé. Títí di ìsinsìnyí, èmi àti òun nìkan ló mọ̀, àti ẹ̀yin báyìí. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó burú jù? Mo tún jowú ìyẹn. Mo jowú ẹnu tó lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ti dá báàgì àti ìwé padà, ó ní òun kò ṣe akápò mọ́. Kò sì sí ẹlòmíràn nínú wa tó mọ̀wé dé báńkì, àfi èmi. Lánàá, Ìyáálé ju báàgì náà sí mi lẹ́sẹ̀: "Gbà á. Ohun tí ò ń wá nìyí." Ó wà lábẹ́ ibùsùn mi, mi ò tíì ṣí i. Mi ò lè fọwọ́ sí ìwé kankan nígbà tí Àwáwù kò tíì dárí jì mí. Ẹ̀rọ kò ṣeé rà, báńkì sì ń yọ tiwọn lọ.

Mo ti kúnlẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ dìde, kò sí nǹkan," bí ẹni ń dá oníbárà lóhùn. Irú ẹ̀bẹ̀ yìí ju ẹnu àbúrò lọ; ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ló ń bá a gbé e. Ẹ má jẹ́ kí màámi gbọ́, ọkàn wọn kò lè gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ti bá mi bẹ̀ ẹ́ tán, èmi fúnra mi yóò fi ẹnu mi sọ ìyókù níwájú Ìyáálé àti gbogbo ìyàwó ilé, èyí tí Àwáwù fi bò mí láṣìírí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìtìjú lórí mi ju èyí lọ. Yóò jẹ́ kí ojú àwọn ọmọ yín kún fún tiwọn, kí wọ́n má wo ti ẹlòmíràn. Yóò ṣọ́ yín lọ, ṣọ́ yín bọ̀. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n,
Zulfah.

Àfikún: Aqeelah ti hu eyín, méjì nísàlẹ̀. Àwáwù ló kọ́kọ́ rí i láàárọ̀ yìí. Kò sọ fún mi, Ìyáálé ló sọ fún. Ẹnu Ìyáálé ni mo ti gbọ́ ọ. Àwáwù ń gbé ọmọ mi jó, kò sì bá èmi sọ̀rọ̀. Ẹ má pẹ́.