Màmá, Ẹ Tú Bọ̀dá Kúnlé Sílẹ̀ Nínú Ìbúra Igbó

Ẹ kú ilé o, Màmá wa. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti Houston níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Àǹtí Ṣadé, ẹ̀gbọ́n mi tó ń tọ́jú yín, mo kí ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ, mo kí gbogbo ìyá ìjọ tí ẹ jọ ń gbààwẹ̀. Ṣé orúnkún yín kò yọ yín lẹ́nu mọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe? Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ igbó ti wọ àárín wa, ẹ kì í gbé ìpè mi mọ́. Bí Àǹtí Ṣadé bá gbé fóònù lé yín lọ́wọ́, ẹ ó ní iná ò sí, bí ẹni pé iná ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìròyìn Yorùbá yìí bá ti jáde, ẹ kì í jẹun kí ẹ tó kà á tán, títí dé ibi ìkéde òkú. Ó dáa, ẹ wá bá mi níbí.

Màmá, ara ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Kúnlé, kò yá. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń rọra sọ ọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ bó ṣe rí. Àìsàn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń mú kí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ máa sún kì, kí ó le gan bí igi. Bó bá ti dé, á di aṣọ ìbora mú, á máa sunkún láìpariwo kí n má baà gbọ́. Mo ń gbọ́. Ilé wa ní Missouri City, lẹ́bàá Houston níbí, kò tóbi. Ooru ibí tún ń dá kún un, torí bí ẹ bá jáde láàárọ̀, aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ yín lára kí ẹ tó dé ìdí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru ló ń ru àìsàn yìí sókè. Kò lè wakọ̀ mọ́, ẹni tí kò bá sì lè wakọ̀ níbí ti di ẹlẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń gbé mi jáde láti ìdájí, òun nìkan á wà nílé títí n ó fi dé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Pearland àti Sugar Land tí kò jìnnà sí wa ń pè é, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Wọ́n ṣì ń bọ̀.

Oríṣi oògùn mẹ́ta ni dókítà ti fún un. Ọ̀kan ń mú un sùn bí òkú, ọ̀kan ń rú u nínú, ẹ̀kẹta kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà náà ni dókítà sọ pé ìjọba Texas fàyè gba oògùn tí wọ́n fi ewé igbó ṣe fún irú àìsàn rẹ̀. Ó ní òun á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba, òun á fún un ní àṣẹ oṣù mẹ́ta ná, kí àwọn fi wò ó bóyá á bá a lára mu. Bó bá ràn án lọ́wọ́, wọ́n á tún àṣẹ náà ṣe. Bí kò bá lò ó, ó parí nìyẹn.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ewé kan náà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wé tí wọ́n ń fà. Òróró ni, inú ìgò kékeré ló wà, abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń kán an sí. Ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba fún níwèé àṣẹ nìkan ló lè tà á, wọn kò sì ní tà á fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé.

Ẹ wá gbọ́ ìyà tó jẹ mí. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá lẹ bí i, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe kọ ọ́, ọjọ́ ṣáájú oṣù, bí àwọn tíṣà ṣe kọ́ wa ní Abẹ́òkúta. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti lò níbí, ọwọ́ mi kò tíì gbà pé oṣù ló ń ṣáájú. Ni wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo gbé bọ̀dá sínú ọkọ̀ tòun tọ̀pá rẹ̀, a há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fíríwéè, títì márosẹ̀ ibí. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní ẹni tó wà nínú ìwé kọ́ nìyí. Mo ṣàlàyé títí. Ó ní àánú wa ṣe òun, ṣùgbọ́n dókítà nìkan ló lè tún un ṣe. Mo pe ọ́fíìsì dókítà, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí. Ẹni tí mo padà bá sọ̀rọ̀ ní ẹni tó ń ṣe é ti gba ìsinmi lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí nọ́ńbà méjì tó pààrọ̀ àyè! Mo sunkún nínú ọkọ̀, Màmá, mo sì bú ènìyàn tí n kò mọ̀.

A rí oògùn gbà níkẹyìn. Ẹ mọ ohun tí ọmọ yín ṣe? Ó gbé e sórí fíríìjì, kò ṣí i. Ó ní òun ti búra fún yín. Mo béèrè pé ìbúra wo. Ó wá sọ pé láàárọ̀ ọjọ́ tí òun ń bọ̀ níbí, ẹ pe òun sí yàrá, ẹ di ọmú yín mú, ẹ ní kí òun fi í búra pé igbó kò ní kan òun lẹ́nu láéláé, nítorí ohun tó ṣe àbúrò bàbá wa. Èmi náà rí bàbá yẹn lọ́mọdé, tó ń rìn láìwọ bàtà, tó ń bá ògiri jà. N kò dá yín lẹ́bi pé ẹ̀rù bà yín. Nígbà tó kan èmi láti rìnrìn àjò, ẹ ò mú mi búra kankan, ẹ kàn ní kí n máa jẹun dáadáa. Bóyá ẹ rò pé igbó kì í wu obìnrin.

Mo bá a jà. Ó ní ẹni tó mú òun búra nìkan ló lè tú òun sílẹ̀. Ó pè yín fúnra rẹ̀. Ẹ ní igbó ni igbó ń jẹ́, pé kí ó gbààwẹ̀, ẹ sì pa fóònù. Ẹni tí iṣan ń fà ya lẹ ní kó má jẹun! Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo po ògì fún un láàárọ̀, mo sì ṣí ìgò yẹn kí n kán an sí i láìjẹ́ kó mọ̀. Ó yẹ kí ojú tì mí, nọ́ọ̀sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣebí èmi kọ́ ni mo búra, ṣebí èmi ni mo ń pariwo pé ọ̀rọ̀ ọmú kò nítumọ̀ lójú àìsàn. Ojú yín ni mo rí. Mo fa ìgò náà sẹ́yìn kíá, n kò sì mọ̀ bóyá ó ti kán sí i. Mo da ògì náà nù, mo po òmíràn. Ẹ̀rù ọmú yín ń ba èmi náà.

Ìparí oṣù yìí ni àṣẹ náà máa tán. Mo ti bá dókítà yí i, mo ti bá kọ̀ǹpútà ìjọba yí i. Èyí tó kù, ẹnu yín nìkan ló wà. Ẹ má pe èmi, Bọ̀dá Kúnlé ni kí ẹ pè. Ẹ di ọmú yẹn mú bí ẹ ṣe dì í mú lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ti tú u sílẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, a ò ní fi ẹkún rí ara wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé àtàwọn ará àdúgbò. Láti ọjọ́ tí ẹ ti pa fóònù mọ́ Bọ̀dá Kúnlé létí, kì í pa tirẹ̀ mọ́. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó ń retí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Bísí